Bíréèkì Tí Ìyá Ọkọ Mi Fi Sínú Ọkọ̀

Ìyá ọkọ mi ló fi mí sínú ọkọ̀ eré. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé èmi ni mo béèrè. Èmi tí mo máa ń di aṣọ ẹni tó jókòó tì mí mú pinpin bí ọkọ̀ bá ti sáré díẹ̀ lórí afárá, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe nínú eré rálì, níbi tí wọ́n ti ń fi ọkọ̀ díje?

Ọkọ mi ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Iṣẹ́ lífúùtì ló ń ṣe, òun ló ń bá àwọn ilé gogoro kan ní Marina tún tiwọn ṣe. Láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, inú ihò ló máa ń wà, yóò lọ sókè, yóò bọ̀ nísàlẹ̀. Ó ní ó ti sú òun, òun náà fẹ́ yà sọ́tùn-ún, òun fẹ́ yà sósì. Mo pè é ní àwàdà. Àfi bó ṣe wa ọkọ̀ kékeré kan wọ agbo ilé wa ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ̀ tí ìlẹ̀kùn rẹ̀ pupa, tí bónẹ́ẹ̀tì rẹ̀ funfun, tí wọ́n ti yọ ìjókòó ẹ̀yìn rẹ̀ dànù, tí wọ́n fi páìpù irin rọ́pò. Ẹnu géètì wa kò fẹ̀, dígí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ló ní láti ká mọ́ra kó tó lè wọlé. Ó bọ́ sílẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó gbé ìyàwó tuntun dé.

Ìyá rẹ̀ wà lọ́dẹ̀dẹ̀. Wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo ọmọ wọn. Ọkọ tiwọn, awakọ̀ tírélà ni bàbá náà. Wọ́n gbé ẹrù lọ sókè ọya lọ́jọ́ kan, òkú wọn ló padà wálé, nígbà tí ọkọ mi ṣì ń lọ ilé-kéwú. Gbogbo ará ilé ló mọ̀ ọ́n, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ mi kírun alaásárì tán, wọ́n pe àwa méjèèjì.

"Ilé yìí ti fún ọ̀nà ní ọkùnrin kan," ni wọ́n wí. "Kò ní í fún un ní èkejì."

Ọkọ mi bẹ̀bẹ̀, ó wólẹ̀. Ó ní wọ́n á ti dí ọ̀nà náà, tírélà kankan ò ní bọ̀ níwájú, èèyàn á dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì, èèyàn á de bẹ́líìtì tó gba èjìká méjèèjì. Wọ́n ní àwọn ò gbọ́. Odindi ọ̀sẹ̀ kan, wọn ò fẹnu kan oúnjẹ tó bá fi owó rẹ̀ rà. Ìgbà tí wọ́n wá gbọ́ pé èèyàn méjì ló máa ń wà nínú ọkọ̀ eré, pé ẹnìkan ń wà á, ẹnìkejì ń ka ọ̀nà fún un, ni ojú wọn rọ̀ díẹ̀. Wọ́n ní ta ló máa jókòó tì í. Ó dárúkọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ni wọ́n bá nawọ́ sí mi.

"Ìyàwó mi ni. Ẹnu ẹ̀ mú. Kò ní jẹ́ kí o sáré pa ara ẹ."

Háà! Èmi kẹ̀? Kí n tó la ẹnu, ọkọ mi ti gbà. Wọ́n pè mí sẹ́yìn ilé lẹ́yìn náà, wọ́n di ọwọ́ mi mú. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ni mo fi lé ẹ lọ́wọ́ yìí o. Bẹ́ ẹ bá ṣe jọ lọ ni kẹ́ ẹ ṣe jọ bọ̀." Mo kúnlẹ̀, mo ní ó dáa, Màámi. Bí mo ṣe di bíréèkì nìyẹn, bíréèkì tó ń wọ búbà.

Iṣẹ́ ẹni tó ń ka ọ̀nà kò le láti ṣàlàyé. Bó bá ku ọ̀la kí eré ó wáyé, wọ́n á jẹ́ kí gbogbo wa rọra wakọ̀ gba ojú ọ̀nà náà kọjá, èmi á sì máa kọ bó ṣe rí sínú ìwé: ibi tó ti yà, ibi tó ti gun òkè, ibi tí kòtò wà. Nọ́ńbà la fi ń pe kọ́nà. Ọ̀kan ni èyí tó ká jù, tí èèyàn gbọ́dọ̀ rọra gidigidi. Mẹ́fà ni èyí tó fẹ́ẹ̀ẹ́ tọ́. Lọ́jọ́ eré, ọkọ mi kò lè rí ohun tó wà lẹ́yìn igbó, ohun tí mo bá wí ló máa gbà gbọ́. Ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kékeré wà nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì wa méjèèjì, torí ariwo ẹ́ńjìnnì kì í jẹ́ kéèyàn gbọ́ra.

Àràárọ̀ Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìrun àsùbáà, la máa ń lọ kọ́ ọ ní Marina, nígbà tí gbogbo báńkì bá tì, tí kò sí ẹnìkan àfi àwọn tó ń gbálẹ̀. A ò sáré níbẹ̀ o. Á rọra máa wa ọkọ̀, èmi á máa pariwo nọ́ńbà bí olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò. Ìyá agbálẹ̀ kan fi ìgbálẹ̀ tì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní, "Ìyàwó, ẹ jẹ́ kí bàbá yìí sinmi, àárọ̀ ṣì ni!" Mo ní kí wọ́n bá mi bẹ̀ ẹ́ kó yà sósì dáadáa.

Ẹ má bi mí léèrè iye tó ná wa. Iṣẹ́ rírán ìbòrí ìjókòó ọkọ̀ ni mo ń ṣe ní Ìta Fájì, mo sì mọ oúnjẹ tó yẹ kí ẹ̀rọ ìránṣọ mi ti rà. Táyà tó yẹ kó lo ọdún méjì, eré kan ṣoṣo ló ń jẹ ẹ́ tán. Ìrọ̀lẹ́ Sátidé tí àwọn ẹgbẹ́ mi bá ń kun àtíkè, abẹ́ ọkọ̀ ni mo máa ń wà, tí mo di tọ́ọ̀ṣì mú. Erùpẹ̀ pupa a máa jáde nínú etí mi títí di ọjọ́ kẹta. Bẹ́líìtì yẹn a sì máa fi àpá dúdú sí mi léjìká, débi pé aládùúgbò kan fà mí sẹ́yìn, ó ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó ní ṣé ọkọ mi ń nà mí ni. Mo ní rárá o, mọ́tò ni. Kò gbà mí gbọ́ títí dòní.

Ṣùgbọ́n díẹ̀ díẹ̀ ni àlàbọrùn fi ń di ẹ̀wù. Nílé, mo lè sọ ọ̀rọ̀ kan lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí ọkọ mi tó ní "ẹ̀n-ẹ́n?" Nínú ọkọ̀, ọ̀rọ̀ mi kì í bọ́ sílẹ̀. Bí mo bá ti wí pé ọ̀tún mẹ́rin báyìí, ọwọ́ rẹ̀ á ti máa yí. Ẹ̀yin obìnrin tẹ́ ẹ wà nílé ọkọ, ẹ mọ bí ìyẹn ṣe tó. Èmi tí wọ́n rán láti dá a dúró, inú mi ti ń dùn sí eré náà ju tirẹ̀ lọ. Ó ń bà mí lẹ́rù, mi ò sì jẹ́ kí ìyá ọkọ mi mọ̀. Ní gbogbo ìgbà tá a bá jáde, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń béèrè nígbà tá a bá dé: "Ṣé ó pé?" Mo máa ní ó pé, Màámi, ọwọ́ pé, ẹsẹ̀ pé.

Nígbà tó yá, wọ́n ní àwọn náà fẹ́ wá wò ó. Ẹnu yà wá. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fi ojú ara àwọn rí ohun tó ń gba ọmọ àwọn lọ́wọ́ àwọn ní Sọ́ńdè. Ojú ọ̀nà pupa kan láàárín oko ọ̀pẹ, lọ́hùn-ún lẹ́yìn Ẹ̀pẹ́, ni eré náà ti máa wáyé. Àbúrò ọkọ mi ló fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé wọn wá.

Ọ̀nà náà ti bà mí lẹ́rù láti ọjọ́ tá a kọ́kọ́ gba ibẹ̀. Òkè kéékèèké mẹ́rin ló tò tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, gbogbo wọn jọra bí ìbejì. Béèyàn bá gun àkọ́kọ́, èkejì tàbí ẹ̀kẹrin dé orí, ọ̀nà tààrà ló máa bá lódìkejì. Àmọ́ lẹ́yìn ẹ̀kẹta, ọ̀nà ṣẹ́ sósì lójijì, ó bọ́ sórí afárá onípákó tóóró kan tí kò ní ọwọ́ ìdìmú, omi dúdú sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi bírò pupa kọ ọ́. Béèyàn ò bá kà wọ́n bó ṣe ń lọ, kò sí bó ṣe lè mọ èyí tí afárá wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ó kan wa. A ti wà nínú ọkọ̀, a ti de bẹ́líìtì, ọkùnrin tó mú àsíá dúró níwájú. Ni mo rí ìyá ọkọ mi tí wọ́n dìde lábẹ́ igi, tẹ̀súbáà lọ́wọ́, ìbòrí lórí. Wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ alásìíá kọjá bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Wọ́n wá dúró lẹ́bàá fèrèsé ọmọ wọn, wọ́n wò ó nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì yẹn títí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kì í.

Mi ò gbọ́ oríkì lẹ́nu wọn rí. Látìgbà tí mo ti wọlé, àdúà nìkan ni mo ń gbọ́ lẹ́nu wọn. Ohùn tó jáde lọ́jọ́ yẹn kì í ṣe ohùn arúgbó. Wọ́n ní, "Ọmọ a-rí-ọ̀nà-má-bojú-wẹ̀yìn! Ọmọ ẹni tó kọjú sí òkè tí òkè fún un lọ́nà! Máa lọ, ọmọ ọkọ mi, wọn kì í dá baba rẹ dúró, wọn ò lè dá ọ dúró!" Àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́. Èmi náà, ara mi bù máṣọ. Mo wo ọkọ mi, mo rí i tí iṣan ọrùn rẹ̀ dìde. Orí rẹ̀ ti wú. Mo mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé wàhálà ti dé.

Àsíá wálẹ̀, a sì fò jáde. "Òsì mẹ́ta," ni mo wí. Ó gbà á bí ẹni tí mo pè é ní márùn-ún fún. Ìdí ọkọ̀ gbọn lọ sẹ́gbẹ̀ẹ́, imọ̀ ọ̀pẹ gbá dígí mi gbàà. Mo ní, "Rọra!" Ó ní, "Mo gbọ́." Kò rọra. "Ọ̀tún méjì, méjì ni mo wí o!" Ó ní, "Mo gbọ́, mo gbọ́," táyà ẹ̀gbẹ́ tèmi sì kúrò nílẹ̀.

Nígbà náà ni mo gbọ́ nǹkan kan nínú hẹ́límẹ́ẹ̀tì mi. Mo kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe wúyẹ́wúyẹ́. Àṣé ọkọ mi ni. Ó ń ki ara rẹ̀! "Ọmọ a-rí-ọ̀nà-má-bojú-wẹ̀yìn, wọn kì í dá baba rẹ dúró..." Bó bá ti kọjá kọ́nà kan, á tún bẹ̀rẹ̀. Ìbẹ̀rù tó mú mi, mi ò lè fẹnu sọ ọ́. Mo bú u. Mo bẹ̀ ẹ́. Mo ní, "Afárá ń bọ̀! Ọlọ́hun ni mo fi bẹ̀ ọ́!" Ó ní, "Ṣáà máa kà á!"

Ọ̀rọ̀ yẹn ló la ojú mi. Ṣáà máa kà á. Ohùn mi gan-an ló ń fún un láyà. Níwọ̀n ìgbà tí mo bá ń sọ ohun tó wà níwájú fún un, á máa sá lọ síbẹ̀. Mo wo ìwé lórí itan mi, bírò pupa ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn. Mo pa ìwé dé. Mo pa ẹnu mi mọ́.

Ẹ gbà mí gbọ́, nínú gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé, tó fi mọ́ ọmọ bíbí, kò sí èyí tó le tó o. A gun òkè àkọ́kọ́, a fò díẹ̀, ọ̀nà tọ́ lódìkejì.

"Kí ló kàn?" ni ó wí.

Mi ò dáhùn.

"Ìyàwó, kí ló kàn?"

Mo ká ọwọ́ mi méjèèjì sí àyà. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀ nínú etí mi. Ó ti ṣíwọ́ kíki ara rẹ̀. A gun òkè kejì, ohùn ẹ́ńjìnnì ti ń wálẹ̀. "Ṣé o kú ni? Dá mi lóhùn!" Ẹ̀rù ti wà nínú ohùn rẹ̀. Mo bu ètè mi jẹ títí mo fi tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò. Òkè kẹta nìyẹn, mo mọ̀ ọ́n, òun kò mọ̀ ọ́n. Kí a tó dé orí rẹ̀, ó ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná tó fi ń sáré. A yọ lórí rẹ̀, igbó ló wà níwájú wa, kò sí ọ̀nà. Ó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Ọkọ̀ yí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ lọ, eruku bo gbogbo ojú wa, ó sì dúró. Nígbà tí eruku rọ̀, táyà iwájú kan wà lórí pákó àkọ́kọ́, ẹ̀gbẹ́ tèmi ló sì kọjú sí omi.

A jókòó. Ó wo afárá, ó wo omi, ó wò mí.

"Kí ló dé tí o ò sọ̀rọ̀?" ni ó wí wẹ́rẹ́.

"Ìgbà tí mo ń sọ ọ́, ta ló gbọ́?"

Mo ṣí ìwé. Mo ní, "Òsì ọ̀kan. Afárá tóóró. Máa rọra gun ún." Ó rọra gun ún. Nígbà tá a fi parí, kò sí ẹni tó wà lẹ́yìn wa.

Ìyá ọkọ mi kò tilẹ̀ béèrè bóyá ó pé. Wọ́n ti gbádùn ara wọn. "Ṣé ìgbín lẹ fi wa mọ́tò ni?" ni wọ́n wí. "Gbogbo ayé ló ti dé kẹ́ ẹ tó dé!" Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Ọkọ mi wo ilẹ̀. Ẹnikẹ́ni nínú wa ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ọkọ mi ti gba Marina lọ síbi iṣẹ́, mo wà ní àgbàlá, mo ń fọ aṣọ eré wa, omi pupa ń ṣàn lọ sójú gọ́tà. Ìyá ọkọ mi jókòó lórí àpótí nítòsí mi, wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Wọ́n dédé ní, "Èyí tó ń bọ̀, mo máa tètè débẹ̀. Mi ò ní jẹ́ kó lọ láìkì í."

Ọwọ́ mi dúró nínú omi.

"Bàbá ọkọ ẹ," ni wọ́n wí, wọn ò gbójú sókè, "kò sí àárọ̀ tí wọ́n lọ sọ́nà jíjìn tí mi ò kì wọ́n lẹ́nu géètì yẹn. Àfi ọjọ́ tí wọ́n lọ tí wọn ò bọ̀. Wọ́n ti sọ lójú àlejò pé ọbẹ̀ mi níyọ̀ jù. Mo bínú. Wọ́n dúró lẹ́nu géètì, tírélà ń ké lójú títì, wọ́n ń retí mi. Mo gbọ́ tí wọ́n wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Mo jókòó sórí ibùsùn, mi ò dá wọn lóhùn. Ìdákẹ́ mi ló pa wọ́n. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnìkan rí. Èyí tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá, mi ò ní í gbà á lọ́wọ́ ọmọ."

Ṣé ẹ rí i bí ayé ṣe ká mi mọ́? Bí mo bá sọ òótọ́, mo gba ohun kan ṣoṣo tí wọ́n rò pé àwọn lè fi ṣọ́ ọmọ wọn lọ́wọ́ wọn. Bí n kò bá sọ ọ́, wọ́n á tún wá síbi fèrèsé yẹn, ọmọ wọn á sì lọ. Inú bí mi sí bàbá tó wúkọ́, inú bí mi sí ọbẹ̀, inú bí mi sí mọ́tò. Mo kúnlẹ̀ sínú omi aṣọ.

"Màámi, ẹ má bínú. Kì í ṣe ọmọ yín ló wakọ̀ lánàá. Oríkì yẹn ni. Orí rẹ̀ wú, kò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi mọ́. Ó ku díẹ̀ ká wọ odò."

Ojú wọn yí padà. Ẹ̀wà bọ́ lọ́wọ́ wọn. "Odò?"

"Odò, Màámi. Mo pariwo, kò gbọ́. Ìgbà tí mo dákẹ́ ló tó rọra."

Mo ń retí kí wọ́n bú mi. Mo gbọ́ aládùúgbò wa tó ń pe ọmọ rẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá ọkọ mi gbé àwo ẹ̀wà sílẹ̀.

"O dákẹ́?"

"Mo dákẹ́, mà."

"O ò sọ nǹkan kan fún un rárá?"

"Rárá, mà. Ó ń bi mí, mi ò dá a lóhùn."

Wọ́n fa ìbòrí wọn bo ojú, mo sì rí i tí èjìká wọn bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Wọ́n na ọwọ́ kan sí mi lábẹ́ ìbòrí náà, mo dì í mú pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́ mi.

"Tún un wí, ìyàwó mi," ni wọ́n wí.

Mo ní, "Mo dákẹ́, Màámi. Ó sì bọ̀."